Ìbò ọnọrébù lórí ẹ̀tọ́ aráàlú: kí ló dé tí a kì í rí i?

Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n sì sin kábíyèsí ní ìlànà Mùsùlùmí lọ́jọ́ kejì. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti gbòde ní Abẹ́òkúta: ta ló dìbò fún òfin tó fàyè gba irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀, ta ló sì ta kò ó? Àwọn oníṣẹ̀ṣe ń béèrè nítorí pé inú ń bí wọn. Àwọn mìíràn ń béèrè nítorí pé ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́lé, wọ́n sì fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ dá padà sí Òkè-Mósàn, níbi tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń jókòó. Ẹlòmíì á ní gbogbo ilé ló fọwọ́ sí i. Ẹlòmíì á ní ọnọrébù tòun ò sí níjòkòó lọ́jọ́ náà. Kò sí ìwé kan níwájú aráàlú tí wọ́n lè fi já irọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìdí tí kò fi sí ni àlàyé yìí dá lé.

Kí là ń pè ní ẹ̀tọ́ aráàlú nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Orí kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló kó wọn jọ, láti abala 33 dé 46. Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí ni wọ́n fi ṣíde. Iyì ọmọnìyàn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni òmìnira ara, ìgbẹ́jọ́ tí kò ní màgòmágó, àṣírí ilé ẹni, ẹ̀sìn àti ẹ̀rí ọkàn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọ, lílọ bíbọ̀, àìṣe ojúsàájú láàárín ọmọ ìlú, àti dúkìá. Abala 46 wá ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gba ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní ìpínlẹ̀ náà lọ.

Abala 35 ló kan ẹni tó ń rìn ní ìgboro jù. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú lórí ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Ibi tí kóòtù bá ti jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu. Láti olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní Eléwéẹran dé kóòtù Májísíréètì ní Ìsàbọ̀, ọkọ̀ ò ní rin kìlómítà 40, kódà bó gba Pánṣẹ̀kẹ̀ yí po. Fún ẹni tí wọ́n bá mú nínú ìgboro Abẹ́òkúta, ọjọ́ kan ni òfin wí.

Abala kan tún wà tí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn púpọ̀, òun ni 45. Ó ní ìjọba lè fi òfin dín àwọn kan nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù nítorí ààbò ìlú, ìlera, ìwà ọmọlúàbí tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, bí òfin náà bá jẹ́ irú èyí tó bójú mu níbi tí ìjọba tiwa-n-tiwa bá wà. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí òfin Òkè-Mósàn, ibẹ̀ ló máa ń já sí: ṣé dídínkù yìí bójú mu, àbí ó ti kọjá ààlà?

Ìlú yìí kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́òkúta ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní 1859. Níbí náà ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, ti péjọ ta ko owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949, àádọ́ta ọdún gééré kó tó di pé ẹnikẹ́ni kọ abala 40 ti ìwé òfin 1999, èyí tó dá lórí ìpéjọ.

Èwo ló wà lọ́wọ́ aṣòfin ìpínlẹ̀, èwo ni kò sí?

Bí wọ́n bá gbé ọ̀dọ́ kan nítorí ohun tó kọ sórí Facebook, ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bú ọnọrébù ẹkùn wọn. Wọ́n ń bú ẹni ẹlẹ́ni ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣe ní 2015, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, Àbújá ni wọ́n ti ṣe é. Ọlọ́pàá náà, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọmọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè pariwo lórí ẹ̀, kò ní ìbò kankan níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn 26 tó ń jókòó ní Òkè-Mósàn ni ọ̀rọ̀ ọba àti ìjòyè, ilẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí ìpínlẹ̀ lè fi òfin tirẹ̀ dè, àti ẹ̀ṣọ́ tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ bá dá sílẹ̀. Láti oṣù kẹta 2023 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu àtúnṣe karùn-ún sí ìwé òfin, ìpínlẹ̀ ti ní àyè láti ṣòfin lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú. Ìbò kan tún wà tí kì í sábà wá síni lọ́kàn: àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa kì í dúró àfi bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó tó 24 nínú 36 bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí Àbújá bá fẹ́ fi kún ẹ̀tọ́ aráàlú tàbí kó yọ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ wá bá ọmọ ilé láti Gúúsù Abẹ́òkúta tàbí láti Ọ̀dẹ̀dá.

Àwọn òfin wo la lè fi wọn ọnọrébù wò?

Òfin ọba àti ìjòyè ti ọdún 2021 ló wà lẹ́nu gbogbo ayé báyìí. Ilé aṣòfin kẹsàn-án, tí Ọ̀lákúnlé Olúọmọ ṣe sípíkà rẹ̀, ló ṣe é, Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún sì buwọ́ lù ú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Nínú ohun tí òfin náà wí ni pé ẹbí ọba tó wàjà lè sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn tó ń ṣe. Awùjalẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn ní gbangba.

Ohun tó jẹ́ kí òfin yìí ṣòro láti fi wọn ẹnikẹ́ni ni pé apá méjèèjì ló di abala 38, tó dá lórí òmìnira ẹ̀sìn, mú. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní adé kì í gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tó dé e. Ọba tó ti ń kírun láti kékeré ní ẹ̀tọ́ láti sùn bí Mùsùlùmí, èyí tó jẹ́ Kristẹni náà bẹ́ẹ̀, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti rí òkú rẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ní kò sẹ́ni tó fipá fi ọba jẹ. Ẹni tó wọ ìpèbí, tó jẹ oyè tí ìṣẹ̀ṣe gbé kalẹ̀, ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó gbà á. Bí òfin bá wá yọ wọ́n kúrò nínú ìsìnkú ọba, ẹ̀sìn tiwọn ló tẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n tún máa ń béèrè ìdí tí ilé aṣòfin fi ń dá sí ìlànà ẹ̀sìn ìbílẹ̀ nígbà tí kò jẹ́ dá sí ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ẹni tó bá fẹ́ fún aṣòfin ní máàkì lórí òfin yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu òmìnira ta ló ń wọ̀n: ti ẹni tó kú ni, ti ẹbí rẹ̀, tàbí ti àwọn tó ń bọ òrìṣà ìlú. Máàkì tí aṣòfin kan náà máa gbà á yàtọ̀ pátápátá bí ó bá ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀n.

Òfin àwọn ajàgùngbalẹ̀ ti 2016, nígbà Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn, ní tiẹ̀ gbé ẹ̀tọ́ méjì dojú kọ ara wọn. Ó kó fífi ipá gba ilẹ̀, ìdigunjalè, ìjínigbé àti ẹgbẹ́ òkùnkùn pọ̀, ó sì mú ìdájọ́ ikú wọ̀ ọ́ bí ẹ̀mí bá bọ́. Ẹni tí wọ́n ti wó ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní Ọbáfẹ́mi Owódé ò ní rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀, nítorí dúkìá rẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí kò fẹ́ ìdájọ́ ikú rárá á ní abala 33 ló fara gbá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé abala 33 fúnra rẹ̀ fàyè gba ikú tí ilé ẹjọ́ bá dá lẹ́jọ́, nítorí náà àríyànjiyàn yẹn kì í ṣe lórí bóyá ó bá ìwé òfin mu, lórí bóyá ó yẹ ni.

Ti Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 2020, dá lórí abala 35: bí ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ bá mú èèyàn nínú igbó, ìgbà wo ni aago ọjọ́ kan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Òfin tó ká fífi màlúù jẹko kiri lọ́wọ́ kò ní 2021 gbé oko àgbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan àti lílọ bíbọ̀ darandaran sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí tó ta ko ìwà ipá sí ènìyàn, ti 2017, ni èyí tí ariwo rẹ̀ kéré jù nínú wọn.

Kí ló dé tí orúkọ kì í jáde?

Ìbò ohùn ni wọ́n ń di. Àbádòfin á kọ́kọ́ wọlé fún kíkà àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kàn máa ń ka àkọlé rẹ̀. Ní kíkà kejì ni àwọn ọmọ ilé á ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó dá lé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, tó lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Ìgbìmọ̀ á mú àbọ̀ wá, gbogbo ilé á yẹ̀ ẹ́ wò ní abala-abala, kí wọ́n tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ní gbogbo ibi tí ìbò ti wà nínú ìrìn yìí, sípíkà á béèrè àwọn tó fara mọ́ ọn, ilé á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Á béèrè àwọn tí kò fara mọ́ ọn. Nígbà míì ohùn kan tàbí méjì á kùn, nígbà míì kẹ́kẹ́ á pa. Sípíkà á kéde pé àwọn tó gbà ló borí, á fi òòlù onígi rẹ̀ lu tábìlì, ó parí.

Ẹ wo ìròyìn tó máa ń jáde ní Òkè-Mósàn lẹ́yìn irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ gbé àbọ̀ kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n gbà á, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan kín in lẹ́yìn, òun náà wà níbẹ̀. Ìlà tó kàn á ní gbogbo ilé fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìbò ohùn. Orúkọ mẹ́ta nínú 26 nìyẹn. Àwọn 23 yòókù wọ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "gbogbo ilé", ẹni tó ta kò ó, ẹni tó dákẹ́ àti ẹni tó wà ní Èkó lọ́jọ́ náà sì jókòó pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣirò kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí aráàlú fojú sí. Abala 96 ní ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ wà kí ìjókòó tó lè dúró. Nínú 26, ẹni 9 nìyẹn. Abala 98 ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ tó sì dìbò ló ń pinnu ọ̀rọ̀. Bí ẹni 9 bá jókòó, ohùn 5 tó láti sọ àbádòfin di ohun tí ilé fọwọ́ sí. Èyí ò túmọ̀ sí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe òfin kankan nínú àwọn tí mo dárúkọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé "ilé ti fọwọ́ sí i" kò sọ fún wa bóyá ẹni 5 ni tàbí ẹni 26.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ilé kì í gbójú fo iye níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ Olúọmọ nípò sípíkà ní oṣù kìíní 2024, tí wọ́n sì fi Olúdàísí Elémìde tó ń ṣojú Ọ̀dẹ̀dá rọ́pò rẹ̀, kíá ni gbogbo ìlú gbọ́ pé ọmọ ilé 18 ló wà lẹ́yìn ìyọnípò náà. Abala 92 ló béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìdá méjì nínú mẹ́ta 26 sì ni 18. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àga, wọ́n mọ orí kà.

Ọ̀nà wà láti ka orí lórí òfin pẹ̀lú. Ọmọ ilé tí kò bá gbà pé ohùn tí sípíkà gbọ́ ló pọ̀ jù lè dìde béèrè pé kí wọ́n pín ilé, kí wọ́n sì ka ìbò lórúkọ. Ó ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ayé ní ilé aṣòfin àgbà l'Ábùújá ní oṣù keje 2021, lórí fífi ẹ̀rọ gbé èsì ìdìbò ránṣẹ́. Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ló béèrè. Ìbò tí ì bá fi ohùn kọjá di 52 sí 28, tí 28 mìíràn ò sì sí níjòkòó. Kó tó di alẹ́, orúkọ wọn ti kún orí fóònù, àwọn tí kò sí níjòkòó sì jẹ èébú tó pọ̀ tó ti àwọn tó dìbò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà?

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun máa ń fi irú máàkì yìí ránṣẹ́ sílé: aṣòfin ìpínlẹ̀ kan gba 90 nínú 100 lórí òmìnira aráàlú, ẹlòmíì gba 20. Ẹgbẹ́ ACLU, tó ń jà fún òmìnira aráàlú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920, wà lára àwọn tó ń ṣe é, nípasẹ̀ ẹ̀ka wọn ní ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀. Wọ́n á mú ìwọ̀nba àbádòfin, wọ́n á sọ ìbò tí wọ́n kà sí rere lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá lọ wo ohun tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan ṣe. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin wọn, ìbò ìkẹyìn lórí àbádòfin máa ń wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. New Hampshire ní ọmọ ilé 400 nínú ilé kejì wọn, wọ́n sì ń rí orúkọ kà.

Wọ́n ń bá wọn jà lórí rẹ̀ níbẹ̀ náà. Ẹni tó yan àbádòfin ló yan èsì, ni àwọn aṣòfin tó gba máàkì kékeré máa ń wí. Àìsí níjòkòó nítorí àìsàn máa ń ba máàkì jẹ́. Ẹlòmíì sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò nítorí máàkì: á ta ko àbádòfin lọ́jọ́ ìkẹyìn nígbà tó ti mọ̀ pé yóò kọjá, lẹ́yìn tó ti ràn án lọ́wọ́ nínú ìgbìmọ̀.

Kí ni àwọn tó fẹ́ kí ìbò ohùn dúró ń wí?

Wọ́n ní ìdí tó lágbára. Ìbò ohùn yá, ilé tó ní ọgọ́rùn-ún ìpinnu láti ṣe ò lè máa pe orúkọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún ní ó ń dáàbò bo ọmọ ilé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ àti lọ́wọ́ gómìnà, nítorí ẹni tó bá kùn pé òun ò gbà lè dúró láàárín èrò. Bí orúkọ bá ń jáde, ẹni tó máa kọ́kọ́ ka ìwé náà kì í ṣe ìyá tó ń ta kampala ní Ìtòkú, àwọn tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje ni.

Àwọn tó ta kò wọ́n dá wọn lóhùn pé àwọn tó ń pín tíkẹ́ẹ̀tì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n ní ojú àti etí nínú ilé. Ẹni tí ìbò ohùn pa á mọ́ fún ni aráàlú nìkan. Wọn ò ní kí wọ́n ka orúkọ lórí gbogbo nǹkan. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kíkà kẹta lórí òfin tó bá kan orí kẹrin ìwé òfin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbò olórúkọ. Kò gba àtúnṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà láti ṣe èyí. Abala 101 fún ilé kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe ìlànà ìjókòó tirẹ̀, èyí tó mú kí ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ àwọn 26 náà.

Ní báyìí, kí ni aráàlú lè rí dì mú?

Ó pọ̀ díẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Òfin òmìnira sí ìròyìn ti 2011 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó bá béèrè ní àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn láàárín ọjọ́ 7, kò sì pọn dandan kí ẹni náà sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ fi ń jà pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ yẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, lẹ́tà sí akọ̀wé ilé aṣòfin ní Òkè-Mósàn lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ tí wọ́n ka àbádòfin kan lẹ́ẹ̀kẹta, àbọ̀ ìgbìmọ̀ lórí rẹ̀, àti ìwé tí àwọn ọmọ ilé fi ń fọwọ́ sí i pé àwọn wá.

Ìwé yẹn ò ní sọ bí ohùn ọnọrébù ṣe dún. Ohun tó lè sọ ni bóyá ó wà níbẹ̀ rárá, bóyá ó dìde sọ̀rọ̀ ní kíkà kejì, bóyá ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣe àbọ̀, bóyá ó dábàá àtúnṣe kankan. Fún àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní 2023, kò sí bí a ṣe lè ka òfin 2021 sí wọn lọ́rùn. Ìbéèrè tó kàn wọ́n ni bóyá wọ́n ti gbé ìgbésẹ̀ kankan láti tún un ṣe tàbí láti dáàbò bò ó láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, ìyẹn sì wà lákọsílẹ̀ bí ó bá ṣẹlẹ̀.

Èdè náà lè jẹ́ ìdènà. Abala 97 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ilé á máa fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fàyè gba èdè ìpínlẹ̀ bí ilé bá fọwọ́ sí i. Ilé aṣòfin Èkó ti ń lo Yorùbá lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá gbé àbá bẹ́ẹ̀ wá ní Òkè-Mósàn kò ní rú òfin kankan.

Ìpèpadà wà lábẹ́ abala 110, àmọ́ ó ga bí òkè Olúmọ: ó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí INEC tó ṣe ìbò lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 90. Èyí tó rọrùn láti tọ́ka sí jù ni abala 104 àti 109. Ilé gbọ́dọ̀ jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún. Ọmọ ilé tó bá sì pa ìjókòó jẹ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọjọ́ náà lọ, láìní ìdí tó yè kooro, ìwé òfin ní àga rẹ̀ ti ṣófo. Sípíkà ló yẹ kó kéde rẹ̀. Ìwé ìbuwọ́lù ọjọ́ ìjókòó tí lẹ́tà ọjọ́ 7 yẹn lè mú jáde ni ẹ̀rí tó máa bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.